Ọ̀nà Ọ̀fun Land Rover

Ẹ̀yin ọmọ iṣẹ́, ẹ má fojú kékeré wo fóòmù tó wà lẹ́nu ibi tí Land Rover Defender ti ń fa afẹ́fẹ́. Oníbàárà á wá bá yín pé ọkọ̀ òun ò lágbára mọ́, pé bó bá ń gun òkè, èéfín dúdú ló ń tú. Kí ó tó sọ̀rọ̀ tán, àwọn kan nínú yín á ti mú sípánà láti tú pọ́ǹpù. Àwọn mìíràn á máa wá ibi tí wọn yóò ti kọ́ kọ̀ǹpútà ayẹ̀wò mọ́ ọn, nígbà tó jẹ́ pé Defender 300Tdi kò gbọ́ èdè yẹn rárá. Ẹ sinmi ná. Ẹ ṣí bónẹ́ẹ̀tì, ẹ wo fílítà, lẹ́yìn náà kí ẹ wo ibi tí páìpù afẹ́fẹ́ ti fẹnu kan fẹ́ńdà.

Ihò tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fẹ́ńdà yẹn, kí éńjìnnì lè máa mí afẹ́fẹ́ tútù láti ìta ni wọ́n ṣe dá a síbẹ̀. Fóòmù ló dí àlàfo tó wà láàárín fẹ́ńdà àti páìpù. Tó bá ti rún, afẹ́fẹ́ gbígbóná abẹ́ bónẹ́ẹ̀tì ni éńjìnnì yóò máa fà. Afẹ́fẹ́ gbígbóná fẹ́lẹ́, kì í tó láti jó gbogbo dísù tí pọ́ǹpù ń tú sílẹ̀. Èyí tí kò jó ló ń di èéfín. Lásìkò òjò, omi tí táyà ń ta sókè náà á tún rọ́nà gbà dé inú fílítà.

Ooru àti ọ̀rinrin ló ń pa fóòmù náà. Ẹ fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́: bí kò bá wú padà, tàbí tó ń rún sí yín lọ́wọ́, ó ti parí.

Kí ẹ tó pààrọ̀ ohunkóhun, ẹ bi ara yín: ṣé iwájú fílítà ni mo wà yìí, àbí ẹ̀yìn rẹ̀? Fóòmù tí mò ń sọ wà níwájú. Bí ó bá já, fílítà á mú un. Ṣùgbọ́n láti fílítà dé tọ́bò, ẹ ò gbọdọ̀ fi fóòmù tàbí àkísà dí ibì kankan. Tọ́bò lè yí ju ìgbà 100,000 lọ ní ìṣẹ́jú kan. Èérún tó bá bọ́ sínú rẹ̀ lórí eré yẹn lè ba abẹ̀bẹ̀ rẹ̀ jẹ́. Rọ́bà tí wọ́n ṣe fún ọkọ̀ náà nìkan ni kí ẹ fi síbẹ̀. Ọ̀nà ọ̀fun, ọ̀nà ọ̀run.

Ẹ jọ̀ọ́, fóòmù bẹ́ẹ̀dì kọ́ ni kí ẹ fi dí àlàfo iwájú yẹn. Ó ń mu omi. Bí ẹ bá dé ọjà Ládìpọ̀, ẹ bẹ àwọn tó ń ta fóòmù kí wọ́n gé díẹ̀ fún yín, ẹ rì í sómi, ẹ fún un. Bí omi bá jáde, ẹ dá a padà fún wọn. Fóòmù dúdú tí àwọn tó ń ṣe ẹ̀rọ amúlétutù fi ń wé páìpù dára. Kí ó nípọn ju àlàfo náà lọ, kó lè fún wọlé tó ìdá kan nínú mẹ́ta bí ẹ bá dè é.

Iṣẹ́ gan-an wà nínú fífọ ibẹ̀ mọ́. Ẹ yọ orí bátìrì, ẹ fi àkísà mímọ́ dí ẹnu páìpù, kí ẹ tó ha gọ́ọ̀mù àtijọ́ kúrò. Igi pẹlẹbẹ ni kí ẹ fi ha á. Áńlùmíníọ́mù ni fẹ́ńdà ọkọ̀ yìí, irin mímú á ya á. Ẹ fi bẹntiróòlù díẹ̀ nù ún, níbi tí iná kò sí. Kẹrosíìnì máa ń fi ọ̀rá sílẹ̀, gọ́ọ̀mù kò sì ní mú un.

Ẹ fi gọ́ọ̀mù pa fóòmù, ẹ pa fẹ́ńdà náà, kí ẹ dúró títí kò fi ní lẹ̀ mọ́ ìka mọ́, lẹ́yìn náà kí ẹ tẹ̀ wọ́n pọ̀. Ìsàlẹ̀ ni kí ojú ibi tó ti pàdé wà, torí omi òkè. Fóòmù kò gbọdọ̀ yọ sójú ihò. Ẹ yọ àkísà yẹn kúrò kí ẹ tó sitáàtì o! Tó bá di àṣálẹ́, ẹ tan tọ́ọ̀ṣì sábẹ́ bónẹ́ẹ̀tì, kí ẹ dúró níta wo ihò fẹ́ńdà. Ibi tí ìmọ́lẹ̀ bá ti yọ, ibẹ̀ ni kí ẹ tún ṣe.

 Ẹ yẹ gbogbo Land Rover tó wà lọ́wọ́ yín wò kí eruku ọyẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, kí ẹ má sì gba owó pọ́ǹpù lórí iṣẹ́ fóòmù.