Ariwo Inú Rédíò: Bí Ẹ Ṣe Lè Wá Ibi Tó Ti Ń Wá

Lọ́sẹ̀ yìí, a ò ní sọ̀rọ̀ iye owó àgbàdo, a ò sì ní sọ̀rọ̀ ibà. Ohun tí kì í jẹ́ kí ọ̀rọ̀ méjèèjì dé etí yín dáadáa la fẹ́ sọ: ariwo inú rédíò.

Ẹ mọ ariwo tí à ń wí. Ẹni tó ń sọ̀rọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ dárúkọ ọjọ́ tí wọn yóò fún àwọn ọmọ wẹ́wẹ́ ní abẹ́rẹ́ àjẹsára ni, "ṣááááá", ariwo bo ohùn rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ìyá ọlọ́mọ ò gbọ́ ọjọ́, ọmọ ò gba abẹ́rẹ́. Ariwo yìí tún máa ń dá ìjà sílẹ̀. Àwọn kan á ní ibùdó rédíò ni ò mọṣẹ́, àwọn mìíràn á ní aládùúgbò tó ra ẹ̀rọ tuntun ló fà á. Kí ẹnikẹ́ni tó bínú sí ẹnikẹ́ni, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wá ibi tí ariwo náà ti ń wá. Igi méjì, wáyà, rédíò kékeré oníbátìrì àti ẹ̀yà kan láti ara rédíò tó ti bàjẹ́ ti tó fún iṣẹ́ náà.

Kí ló ń fa ariwo?

Ibi tí iná mànàmáná bá ti ń tàn tó ń kú lemọ́lemọ́, tàbí tó ń ta pàrà láàárín irin méjì, ìgbì rédíò ń jáde níbẹ̀. Ẹ tẹ́tí sí bó ṣe ń dún àti àsìkò tó ń dún.

Tó bá ń dún "tẹ-tẹ-tẹ", tó ń yára bí ẹ́ńjìnnì ṣe ń yára, tó sì kọjá lọ, zémidjan ni. Ẹ fi í sílẹ̀.

Tó bá jẹ́ ọ̀sán nìkan, nígbà tí oòrùn bá ràn, ẹ fura sí àpótí kékeré tó wà láàárín pánẹ́ẹ̀lì sólà àti bátìrì rẹ̀. Sólà ti ń wọ abúlé, pàápàá láti ìgbà tí ìjọba Togo ti bẹ̀rẹ̀ ètò CIZO ní ọdún 2017. Kì í ṣe gbogbo sólà ló ń pariwo o. Èyí tí wọn ò ṣe dáadáa ni.

Tó bá jẹ́ láti ìrọ̀lẹ́ títí di àsìkò oorun, ẹ wo gílóòbù LED àti ṣájà fóònù olówó pọ́ọ́kú.

Tó bá ń kùn bí oyin tọ̀sán tòru, tó sì ń dákẹ́ nígbà tí òjò bá rọ̀, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ irin kan ló tú lórí òpó iná.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ilé yín

Àwọn àgbà ní ohun tí à ń wá lọ sí Sókótó wà nínú àpò ṣòkòtò. Ẹ fi bátìrì sí rédíò, ẹ tàn án, kí ẹnì kan wá pa swíìṣì ńlá tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mítà iná. Tí ẹ bá ní sólà, ẹ pa òun náà. Tí ariwo bá dákẹ́, inú ilé yín ló wà. Ẹ tan iná padà, kí ẹ máa yọ ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan títí ẹ ó fi mọ èyí tó ń pariwo. Tí kò bá dákẹ́, ó yá, ẹ jẹ́ ká jáde.

Bí a ṣe ń ṣe áńtẹ́nà ọwọ́

Ilẹ̀ Togo kì í ṣe àlejò sí rédíò. Ní Kamina, lẹ́bàá Atakpamé níbi tí àwọn ará wa Ifẹ̀ wà, àwọn ará Jámánì kọ́ ibùdó kan tó ń bá Nauen sọ̀rọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ Berlin ní ọdún 1914. Nígbà tí ogun dé, àwọn fúnra wọn ló bà á jẹ́ ní oṣù kẹjọ ọdún náà, kí ó má baà bọ́ sọ́wọ́ àwọn Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé. Òpó irin gíga ló gbé áńtẹ́nà tibẹ̀ dúró. Tiwa ò ní tóbi ju ohun tí ọmọdé lè gbé lọ.

1. Ẹ gé igi gbígbẹ méjì, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan gùn tó sẹ̀ǹtímítà 85. Ẹ kàn wọ́n pọ̀ bí àgbélébùú ní àárín. Ẹ ya ojú díẹ̀díẹ̀ sí orí wọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kí wáyà lè jókòó.

2. Ẹ mú wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ tí rọ́bà bò, mítà 25. Ẹ wé e yí orí igi mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ká ní ìgbà mẹ́wàá, kó di férémù onígun mẹ́rin.

3. Ẹ lọ bá ẹni tó ń tún rédíò ṣe. Ẹ ní kó yọ ohun tí wọ́n ń yí fi wá ibùdó nínú rédíò àtijọ́ tó ti bàjẹ́, kó sì so ẹnu wáyà yín méjèèjì mọ́ ọn.

4. Ẹ fi rọ́bà de rédíò kékeré mọ́ àárín férémù. Kí gígùn rédíò gba inú férémù kọjá, bí ẹni tó ń gba ẹnu ọ̀nà wọlé.

5. Ẹ yí rédíò sí AM. Lára rédíò mìíràn, MW tàbí PO ni wọ́n kọ. Ẹ wá ibi tí kò sí ibùdó kankan, tó jẹ́ ariwo nìkan ló wà. Ẹ wá máa yí ohun tí ẹ so mọ́ wáyà díẹ̀díẹ̀ títí ariwo yóò fi lọ sókè jù lọ. Áńtẹ́nà ti ń ṣiṣẹ́ nìyẹn.

Ẹnì kan lè béèrè pé, "FM la fi ń gbọ́ yín, kí la fẹ́ fi AM ṣe?" Ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ tó ń da FM láàmú ń pariwo lórí AM náà, AM ló sì rọrùn láti fi mọ ọ̀nà.

Ìdákẹ́ ni kí ẹ wá

Ibí ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣìnà. Wọ́n ń wá ibi tí ariwo ti pọ̀ jù. Tí ariwo bá ti pọ̀, ẹ lè yí áńtẹ́nà díẹ̀ sọ́tùn-ún tàbí sósì, etí yín ò ní mọ ìyàtọ̀. Àmọ́ ibi tó ti dákẹ́ kì í fẹ̀ rárá. Ẹ yí i díẹ̀ báyìí, ariwo ti padà. Ìdí nìyí tí ìdákẹ́ fi ń tọ́ka ọ̀nà jù.

Ẹ dúró sí gbangba, kó jìnnà sí páànù, ọkọ̀ àti wáyà iná. Ẹ máa yí férémù bí ẹni ń yí ilẹ̀kùn. Nígbà tí ojú férémù bá kọjú sí ibi tí ariwo wà, bí fèrèsé tó kọjú sí òkun, ariwo á lọ sílẹ̀. Orí rédíò ń tọ́ka sí i nìyẹn, bí ìka.

Ṣùgbọ́n rédíò ní orí méjì: ó lè jẹ́ iwájú, ó lè jẹ́ ẹ̀yìn. Nítorí náà ẹ ò gbọ́dọ̀ dúró sí ojú kan. Ká ní ẹ dúró síwájú mọ́ṣáláṣí, ẹ fa ìlà lórí bébà tẹ̀lé ibi tí rédíò tọ́ka. Ẹ lọ sí ìdí kànga, ẹ fa ìlà kejì. Ibi tí ìlà méjèèjì ti pàdé ni kí ẹ máa lọ. Ẹ fa ẹ̀kẹta kí ó lè dá yín lójú.

Tí ẹ bá ti sún mọ́ ọn, ariwo á pọ̀ débi pé kò ní dákẹ́ mọ́. Ẹ tú férémù sílẹ̀, ẹ mú rédíò nìkan lọ́wọ́, kí ẹ yí i sí ọwọ́ òkè AM, lẹ́yìn náà sí SW. Bí nọ́ńbà tó ń pariwo bá ṣe ń ga sí i ni ẹ ṣe ń sún mọ́ ọn. Ẹ kíyè sí i pé wáyà iná ń gbé ariwo rìn; kì í ṣe gbogbo òpó tó ń dún ló jẹ̀bi.

Tí ẹ bá ti rí i

Tó bá jẹ́ ilé ẹnì kan, ẹ kí onílé dáadáa. Ẹ mú rédíò dání kí òun náà fetí ara rẹ̀ gbọ́. Ẹ bẹ̀ ẹ́ kó fọwọ́ ara rẹ̀ pa ẹ̀rọ náà, kó tún tàn án. Nígbà mìíràn, pípààrọ̀ gílóòbù kan ló máa parí ọ̀rọ̀ náà.

Tó bá jẹ́ òpó iná, ẹ má fọwọ́ kàn án, ẹ má mì í, ẹ má gùn ún. Iná tó ń ta pàrà lè pa èèyàn, ó sì lè jó ilé. Ẹ kọ ibi tó wà àti àsìkò tó ń dún sílẹ̀, kí ẹ lọ sọ fún CEET.

Tó bá jẹ́ ohùn ibùdó mìíràn ló ń gun orí ti wa, ARCEP ni ilé-iṣẹ́ ìjọba tó ń bójú tó ìgbì rédíò ní Togo.

Tí òjò bá ṣú tí àrá ń sán, ẹ wọlé. Ẹ má sì gbé férémù sókè lábẹ́ wáyà iná láéláé.

Iṣẹ́ fún ẹgbẹ́

Kí ẹnì kan fi ṣájà tàbí gílóòbù tó ń pariwo pamọ́ sínú yàrá kan, kí àwọn yòókù fi áńtẹ́nà wá a láti ìta. Lẹ́yìn náà kí ẹ jíròrò: Àsìkò wo ni ariwo ń pọ̀ jù ládùúgbò wa? Ta ni yóò bá onílé sọ̀rọ̀ tí kò ní dìjà? Kí akọ̀wé kọ ìdáhùn sílẹ̀ kí ẹ fi ránṣẹ́ sí wa. A ó kà á lórí afẹ́fẹ́. Ó dàbọ̀ o.