Ìbọn Àkọ́kọ́: Òfin Ló Kọ́kọ́ Ń Yàn Kó Tó Kan Oníbàárà

Ìbéèrè: Basin níbí ní Ìlọrin ni mò ń gbé, ẹni ọdún 34 ni mí. Lọ́dún tó kọjá mo lọ kí ẹ̀gbọ́n mi ní Houston, ó sì mú mi lọ síbi tí wọ́n ti ń yìnbọn ṣeré. Ìbọn ìléwọ́ ni mo yìn, ó dùn mọ́ mi gan-an. Mo fẹ́ ra tèmi báyìí. N kò bá ẹnikẹ́ni jà, n kì í ṣe ọdẹ, eré lásán ni. Èwo ni kí n kọ́kọ́ rà: ìbọn ìléwọ́ àbí ìbọn gígùn oníkátíríìjì? Ẹnìkan ti ní òun lè bá mi wá pump action tó dára. Ìyàwó mi ní tòun sọ pé òun kò fẹ́ ìbọn nínú ilé tí ọmọ kékeré méjì wà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ là mí lọ́yẹ. (Ọmọ Basin)

Ìdáhùn: Ọmọ Basin, o káre tó o béèrè kó o tó náwó. Ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń rà á tán kí wọ́n tó kọ̀wé sí mi, ìmọ̀ràn tí mo sì máa ń fún wọn kò ju pé kí wọ́n tètè wá lọ́yà.

Ìbọn ìléwọ́ tó o yìn ní Houston kò sí nínú ohun tó o lè yàn níbí rárá. Òfin Ìbọn ti ọdún 1959, tó ṣì wà nínú ìwé òfin Nàìjíríà dòní, pín ìbọn sí ìsọ̀rí mẹ́ta. Èèwọ̀ ni ìsọ̀rí kìíní: ìbọn arọ̀jò-ọta, ìbọn ogun, àti ìbọn ìléwọ́ tó ń yin ọta, títí kan èyí tó ń lo ẹ̀tù bíi tayé àtijọ́. Ààrẹ orílẹ̀-èdè nìkan ló lè fàṣẹ sí i fún èèyàn, eré ṣíṣe kì í sì í ṣe ẹjọ́ tí wọ́n ń gbé dé iwájú Ààrẹ. Ẹni tí ọwọ́ bá tẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀ láìgbàṣẹ, ẹ̀wọ̀n tó kéré jù fún un ni ọdún 10.

Ìsọ̀rí kejì ni ti aráàlú tó bá gba ìwé àṣẹ lọ́dọ̀ Ọ̀gá Àgbà Ọlọ́pàá. Ìbọn oníkátíríìjì wà níbẹ̀, ìbọn ọdẹ tó ń yin ọta ẹyọ kan wà níbẹ̀, ìbọn afẹ́fẹ́ náà wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n òfin yọ ìbọn oníkátíríìjì kan sílẹ̀: èyí tó ní ẹ̀rọ tó ń ki ọta mìíràn, ì báà jẹ́ pé fúnra rẹ̀ ló ń ki í, ì báà jẹ́ pé ọwọ́ ni wọ́n fi ń fà á síwá sẹ́yìn. Pump action nìyẹn. Ẹni tó ní òun á bá ọ wá èyí tó dára, ẹ̀wọ̀n ló fẹ́ tà fún ọ. Kódà èyí tí òfin gbà láyè nínú ìsọ̀rí yìí, bó o bá ní in láìníwèé, ọdún 5 ni ẹ̀wọ̀n rẹ̀ ti ń bẹ̀rẹ̀.

Ìsọ̀rí kẹta ni ṣakabùlà àwọn ọdẹ wa, òun náà sì níwèé tirẹ̀. Má lọ síbẹ̀ torí eré. Iṣẹ́ àgbẹ̀dẹ ni, ojú ni ọdẹ fi ń wọn ẹ̀tù rẹ̀, ẹ̀tù tó bá sì pọ̀ jù lè fọ́ ìbọn mọ́ ẹni tó ń yìn ín lọ́wọ́. Ọdẹ tó ti ń lò ó láti kékeré mọ ìwọ̀n tirẹ̀. Ìwọ ò mọ̀ ọ́n.

Má sì fi Houston ṣe òdiwọ̀n. Láti oṣù Kẹsàn-án ọdún 2021 ni Texas ti gbà kí ọ̀pọ̀ àgbàlagbà máa gbé ìbọn ìléwọ́ kiri láìgba ìwé, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ àlejò yàtọ̀. Òfin ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà kò fẹ́ kí ẹni tó bá físà àlejò wọlé fọwọ́ mú ìbọn, àfi tó bá ní nǹkan bí ìwé àṣẹ ọdẹ tí ìpínlẹ̀ kan fún un. Bó o bá tún ń lọ, gba ìwé yẹn kó o tó tẹ̀lé ẹ̀gbọ́n rẹ. Àwa nìkan kọ́ la sì ń lé ìbọn ìléwọ́ sá. Lẹ́yìn tí ọkùnrin kan fi í pa ọmọ ilé ìwé 16 àti olùkọ́ wọn ní Dunblane, ní Scotland, ní 1996, ìjọba Bìrìtéènì fòfin dè é ní 1997. Síbẹ̀ wọ́n ń fi ìbọn oníkátíríìjì ṣeré níbẹ̀ títí dòní, ọlọ́pàá ló ń fún wọn níwèé.

O ní o kì í ṣe ọdẹ, nítorí náà ó wá ku ìbọn oníkátíríìjì àti ìbọn afẹ́fẹ́. Bó bá jẹ́ oníkátíríìjì lo fẹ́, ra èyí tí à ń ṣẹ́ láàárín, ẹlẹ́nu kan tàbí ẹlẹ́nu méjì. Mo fẹ́ràn rẹ̀ fún ẹni tó ń kọ́ṣẹ́ nítorí pé kò ní kọ́lọ́fín. Bó o bá ti ṣẹ́ ẹ, ihò rẹ̀ á là gbayawu, wàá rí ìmọ́lẹ̀ láti ìdí dé ẹnu bí ẹni ń wo inú ọ̀pá ìbẹ́pẹ, gbogbo ẹni tó wà nítòsí á sì rí i pé kò sí ọta níbẹ̀. Ẹlẹ́nu méjì ló dára jù fún àwo amọ̀ tí ẹ̀rọ ń jù sókè, torí bí ọta kìíní bá tàsé, ìkejì ń bẹ. Ẹlẹ́nu kan kò wọ́n tó o, ó sì fúyẹ́, ṣùgbọ́n fífúyẹ́ yẹn gan-an ló ń mú kó máa gbá èèyàn léjìká.

Ní ti géèjì, 12 àti 20 ni wàá máa gbọ́. Má jẹ́ kí nọ́ńbà tàn ọ́ jẹ, 12 ló tóbi. Bí wọ́n bá fi pọ́n-ùn òjé kan rọ ọta róbótó 12 tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ṣe wẹ́kú ihò ìbọn, géèjì 12 nìyẹn. Bí wọ́n bá rọ 20 nínú òjé kan náà, dandan ni kí ọta kéré. Ihò 12 tó nǹkan bíi mìlímítà 18.5, ti 20 tó 15.6. Ọta 12 ló wọ́pọ̀ jù, nítorí náà ìbọn géèjì 12 ni kó o gbà, kó o máa ra ọta tí òjé inú rẹ̀ kò ju gíráàmù 24 lọ, kó má baà máa dá ọ lápá. Ìwọ̀n tí àwọn tó ń yin àwo ní Òlíńpíìkì ń lò náà nìyẹn.

Ewu kan wà tí àwọn tó ń ta ọjà kì í sọ. Má ṣe da ọta 12 àti 20 pọ̀ mọ́ra láéláé. Bí ọta 20 bá bọ́ sínú ìbọn 12, á yọ̀ kọjá ibi tó yẹ kó ti dúró, á lọ há síwájú. Ẹni tó fa apátí tí kò gbọ́ nǹkan kan á rò pé òun gbàgbé láti ki ọta ni, á ṣẹ́ ẹ, á rí i pé ìdí rẹ̀ ṣófo, á ki 12 tì í lẹ́yìn. Ìbọn á bẹ́ mọ́ ọn lọ́wọ́. Ìdí rèé tí àwọn ilé iṣẹ́ fi ń fi àwọ̀ yẹ́lò sára ọta 20.

Gbé ìbọn náà wò lára kó o tó sanwó. Rí i pé kò sí ọta nínú rẹ̀, kọ ẹnu rẹ̀ síbi tí kò sí èèyàn, di ojú, gbé e lé èjìká, fi ẹ̀rẹ̀kẹ́ tì í, kó o wá lajú. Bí ìdí rẹ̀ bá gùn jù fún ọ, á máa kọ́ aṣọ rẹ lábíyá. Bó bá kúrú jù, àtàǹpàkò rẹ á máa gbá ọ nímú. Lẹ́yìn náà wádìí ojú tó ń ṣáájú. Na ọwọ́ méjèèjì, fi ìka ṣe ihò kékeré, wo ohun kan tó jìnnà nínú ihò náà, kó o wá di ojú òsì. Bó o bá ṣì ń rí nǹkan ọ̀hún, ojú ọ̀tún ló ń ṣáájú, èjìká ọ̀tún ni kó o fi máa yìn. Bó bá pòórá, ojú òsì ni.

Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ èmi ni mo wà ní ipò rẹ, ìbọn afẹ́fẹ́ ni mo máa kọ́kọ́ béèrè ìwé rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ń pè é ní ohun ìṣeré ọmọdé, wọn ò mọ̀ pé òfin dárúkọ rẹ̀ sí ìsọ̀rí kejì, gígùn rẹ̀ àti ìléwọ́ rẹ̀. Ṣé o rí i? Ìléwọ́ kan wà tí o lè béèrè àṣẹ rẹ̀, kò ṣáà lo ẹ̀tù ni. Láti 1984 ni ìbọn afẹ́fẹ́ ti wà nínú eré Òlíńpíìkì. Ọta tí wọ́n ń lò níbẹ̀ kò ju mìlímítà 4.5 lọ, mítà 10 sì ni wọ́n ń dúró sí ibi àmì. Kì í pariwo, kì í gbá èèyàn, ọ̀nà tí wọ́n ń gbà mí àti bí wọ́n ṣe ń fa apátí jẹ́jẹ́ ni wàá fi kọ́. Ẹni tó bá mọ ìyẹn, ìbọn ńlá kò ní ṣòro fún un.

Ibi tí wàá ti máa yìn ín ṣe pàtàkì ju ìbọn lọ. Basin kọ́. Ilé sún mọ́ ilé níbẹ̀, ọta oníkátíríìjì wẹ́wẹ́ tí wọ́n fi ń yin àwo sì lè fò kọjá 200 mítà kó tó balẹ̀. Pápá ìyìnbọn àwọn ológun kì í ṣe ti aráàlú. Oko tó ní òkìtì gíga lẹ́yìn ni wàá wá, kí onílẹ̀ gbà fún ọ, kí alángùá àdúgbò náà mọ̀, kí DPO náà mọ̀. Ní àkókò tí àwọn ajínigbé ń yọ Kwara lẹ́nu yìí, ọkùnrin tí wọn ò mọ̀ tó gbé ìbọn lọ́wọ́ nínú igbó, fijilanté kò ní dúró bi í bóyá eré ló ń ṣe. Bó o bá sì ń yin ìbọn oníkátíríìjì, bo etí: ariwo rẹ̀ ju dẹ́síbẹ́ẹ̀lì 140 lọ, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo sì lè ba etí jẹ́. Àwọn àgbà ní ìbọn ní apátí, kò ní apátí, ta ni yóò jẹ́ kí wọ́n kọjú rẹ̀ sí òun? Má kọjú rẹ̀ sí ẹnikẹ́ni, ì báà ṣófo.

Ìyàwó rẹ kò ṣì sọ. Ìbọn tó wà lórí kọ́bọ́ọ̀dù, ọmọ kékeré ló máa kọ́kọ́ rí i. Ohun tó lè tẹ́ ẹ lọ́rùn ni àpótí irin tí wọ́n fi bóòtù dè mọ́ ògiri, kí ọta wà níbòmíràn lábẹ́ àgádágodo mìíràn. Orúkọ ta ló wà lórí ìwé àṣẹ? Tìrẹ ni, ọwọ́ rẹ nìkan sì ni kọ́kọ́rọ́ gbọ́dọ̀ wà. Bó o bá ní o kò lè ṣe èyí, ìyàwó rẹ ló jàre.

Tẹ̀lé e báyìí. Wá ilẹ̀ àti olùkọ́ ná. Lẹ́yìn náà lọ sí olú ilé iṣẹ́ ọlọ́pàá ìpínlẹ̀ níbí ní Ìlọrin, kó o béèrè fọ́ọ̀mù ìwé àṣẹ. Òfin kì í fún ẹni tí kò tó ọdún 17, ẹni tí ojú rẹ̀ kò ríran tó, ọ̀mùtí, ẹni tí orí rẹ̀ kò pé, tàbí ẹni tí wọ́n ti dá lẹ́bi ìwà ipá láàárín ọdún 5. Ọdọọdún ni wàá máa tún ìwé ṣe. Nígbà tí ìwé bá jáde, de àpótí irin mọ́ ògiri, kó o tó lọ sọ́dọ̀ oníṣòwò ìbọn tó forúkọ sílẹ̀ lábẹ́ òfin. Bẹ̀ ẹ́ kó jẹ́ kó o fi nọ́ńbà ara ìbọn wé ti inú ìwé kó o tó sanwó. Bí wọn ò bá bára mu, fi ìbọn sílẹ̀ fún un.