Kẹ́mísìrì Kì í Ṣe Àjèjì: Ìmúrasílẹ̀ fún Ìdánwò JSS 3



Ní ilé kéú wa ní Festac, lẹ́yìn ìrun Àsárì, ọmọkùnrin kan tí yóò ṣe ìdánwò BECE mú ìwé rẹ̀ wá bá wa. Ó ní, "Àfáà, ọ̀sẹ̀ méjì ni mo fi há àmì àwọn élímẹ́ǹtì sórí. Bí mo bá sùn tí mo jí, wọ́n á ti fò lọ. Kí ló dé tí potassium fi ń jẹ́ K, tí sodium ń jẹ́ Na?" Ó dákẹ́ díẹ̀, ó tún ní, "Àwọn kan ní kí n mú owó wá fún ẹ̀spò. Ṣé kí n san án, sà?" Ìbéèrè méjì ni ó bi wá. Méjèèjì ni a óò dáhùn nínú ẹ̀kọ́ yìí.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ jẹ́wọ́: àwa náà kùnà nínú ìdánwò kẹ́mísìrì àkọ́kọ́ tí a ṣe. A sọ fún ara wa pé ìmọ̀ àwọn ẹlòmíràn ni, pé Lárúbáwá ni tiwa. Ìgbà tí a dé yunifásítì ni a tó rí i pé inú ilé wa ni ohun tí a ń sá fún wà.

1. OHUN TÍ ÌDÁNWÒ Ń BÉÈRÈ

Kẹ́mísìrì kò dá dúró ní JSS. Inú Basic Science ni ó wà, èyí tí àwọn ẹ̀gbọ́n yín mọ̀ sí Integrated Science. Ọ̀pọ̀ ilé ẹ̀kọ́ a máa wo èsì rẹ̀ kí wọ́n tó mú ọmọ sí kíláàsì sáyẹ́ǹsì ní SS 1. Ẹni tí ó bá fẹ́ di nọ́ọ̀sì, dókítà tàbí apòògùn, ibẹ̀ ni ọ̀nà rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀.

2. ÉLÍMẸ́ǸTÌ, KỌ́ŃPÁÙNDÌ ÀTI ÀDÀPỌ̀

Élímẹ́ǹtì ni ohun tí a kò lè fi kẹ́mísìrì tú sí nǹkan mìíràn mọ́, bí irin àti wúrà. 118 ni a mọ̀ títí di òní, ṣùgbọ́n 20 àkọ́kọ́ ni kí ẹ mú dání dáadáa.

Àdàpọ̀ dà bí àwo àdàlù: ẹ̀wà ṣì ń jẹ́ ẹ̀wà, àgbàdo ṣì ń jẹ́ àgbàdo, a sì lè ṣà wọ́n lọ́tọ̀. Kọ́ńpáùndì kò rí bẹ́ẹ̀. Hydrogen a máa jó, oxygen a máa ran iná lọ́wọ́, ṣùgbọ́n omi tí àwọn méjèèjì para pọ̀ dà ni a fi ń pa iná. Ẹni tí ó bá lóye èyí kò ní ṣi ìdáhùn mú.

3. K ÀTI NA

Orúkọ Látìn tí potassium ní ni kalium, inú ọ̀rọ̀ Lárúbáwá "al-qali" ni ó sì ti wá, ìyẹn eérú ewéko tí a jó. Ibẹ̀ náà ni "alkali" ti jáde. Ẹ rántí àwọn ìyá wa tí ń ṣe ọṣẹ dúdú: wọ́n á jó èèpo kòkó, wọ́n á sẹ́ omi eérú rẹ̀, wọ́n á sì fi se àdín. Potassium ni ó wà nínú eérú yẹn. Bí ọṣẹ bá ti jinná, kò sẹ́ni tí ó lè yọ àdín padà mọ́. Ìyẹn ni ìwé ń pè ní àyípadà kẹ́míkà.

Na wá láti inú natrium, tí ó tan mọ́ "natrun" Lárúbáwá. Kán-ún tí a fi ń se ewédú, ẹbí rẹ̀ ni.

Bí tábìlì élímẹ́ǹtì bá ń dẹ́rù bà yín, ẹ ronú sí Festac yìí. Ẹni tí ó mọ nọ́ńbà Avenue, nọ́ńbà Road àti lẹ́tà Close kì í sọnù. Bákan náà ni élímẹ́ǹtì kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà tirẹ̀: Na ni 11, K ni 19. Òpó kan náà ni wọ́n wà, ìdí nìyí tí ìwà wọn fi jọra.

4. BÍ A ṢE Ń KÀ Á

Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Lẹ́yìn ìrun Àsùbáà, ẹ fi ogójì ìṣẹ́jú kà á lójoojúmọ́. Ẹ ka ojú ìwé kan, ẹ pa ìwé dé, kí ẹ sì kọ ohun tí ẹ rántí. Ibi tí ẹ bá ti gbàgbé ni kí ẹ tún kà. Ní ọjọ́ Sátidé, ẹ ṣe ìbéèrè ọdún tó kọjá, kí ẹ sì wo aago bí ẹ ti ń ṣe é.

Ẹ máa ka átọ́ọ̀mù bí a ti ń ka owó. 2H₂ + O₂ → 2H₂O: hydrogen 4 ní ọ̀tún, 4 ní òsì, oxygen 2 ní ọ̀tún, 2 ní òsì. Kò gbọdọ̀ ṣẹ́kù, kò gbọdọ̀ dín.

5. Ọ̀RỌ̀ Ẹ̀SPÒ

A sọ fún ọmọ náà pé kí ó má san kọ́bọ̀. Ẹ ti gbọ́ ìtàn Ànábì wa (kí ìkẹ́ Ọlọ́hun máa bá a) nínú ọjà, bí ó ti ki ọwọ́ bọ inú òkìtì oúnjẹ kan tí òkè rẹ̀ gbẹ, tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ tutù, àti bí ó ti kọ ìwà ẹ̀tàn náà. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni èsì ẹ̀spò rí. Gíráàmù kan jẹ́ 1000 mílígíráàmù. Bí apòògùn tí ó ra èsì rẹ̀ bá ṣi èyí mú, aláìsàn ni yóò jìyà rẹ̀, ó sì lè jẹ́ ìyá ẹnikẹ́ni nínú wa.

Ọmọ náà jókòó, a jọ bẹ̀rẹ̀ láti orí hydrogen. Kí a tó kírun Mọ̀ńgàríbà, ó ti ka ogún láìwo ìwé.

ÌBÉÈRÈ FÚN ÌJÍRÒRÒ

1. Iyọ̀ dà sínú yanrìn. Báwo ni ẹ ó ṣe yà wọ́n? (Ẹ ronú nípa omi, asẹ́ àti iná.)
2. Kí ni ìyàtọ̀ láàárín omi tí ó dì àti àdín tí ó di ọṣẹ?
3. Ta ni ẹ̀spò ń pa lára yàtọ̀ sí ẹni tí ó rà á?

Kí Ọlọ́hun fi àlùbáríkà sí ìmọ̀ wa. Àmín.