Ẹ Má Dá Àgbà Jókòó: Ìrìn Ẹsẹ̀ àti Ọpọlọ Arúgbó

Ọ̀rọ̀ tí mo mú wá lọ́sẹ̀ yìí kan gbogbo ilé tí àgbà wà. Ó kan ẹ̀yin ọmọ Ọ̀wọ̀ àti Ọ̀sẹ̀ tí ẹ ń gbé ìgboro gidigidi, yálà òbí yín wà nílé, tàbí ẹ ti kó wọn wá sọ́dọ̀.

A máa ń bọ̀wọ̀ fún àgbà nílẹ̀ wa, ó sì dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀wọ̀ kan wà tó ń pa wọ́n lára. Bí bàbá bá mú ìgbálẹ̀, a ó ní, “Ẹ jókòó, bàbá, àwọn ọmọ á gbá a.” Bí màmá bá fẹ́ yà sí ọjà, a ó ní, “Màmá, ẹ má ṣèyọnu, ọlọ́kadà á gbé e wá.” Kò ní pẹ́ tí ẹsẹ̀ wọn kò fi ní mọ ibòmíràn mọ́ ju àga àti ibùsùn lọ. Nígbà tí wọ́n bá wá ń gbàgbé orúkọ ọmọ, tí wọ́n ń béèrè ọ̀rọ̀ kan lẹ́ẹ̀mẹ́ta, a ó ní arúgbó ti ń ṣarán. N kò sọ pé ìjókòó nìkan ló ń fa iyè ríra o. Ohun tí mo ń sọ ni pé ó wà lára ohun tó ń fà á, òun sì ni apá wa ká.

Ẹ wo bí àwọn àgbà ṣe ń gbé ayé tẹ́lẹ̀ ní Ùṣò, ní Èmùré-Ilé, ní Ìfọ́n àti ní Ìdóànì. Oko kòkó àti oko iṣu kì í ṣe ẹ̀yìnkùlé. Ẹsẹ̀ ni bàbá fi ń lọ, ẹsẹ̀ ló fi ń bọ̀, pẹ̀lú àdá àti ọkọ́ léjìká. Màmá ń pọn omi, ó ń gún iyán, ó ń ru ẹrù lọ sọ́jà. Ẹnikẹ́ni kò pè é ní eré ìdárayá. Iṣẹ́ ni wọ́n ń pè é. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọdún Igógo ní Ọ̀wọ̀, tí wọ́n ń ṣe ní oṣù Kẹsàn-án ní ìrántí Ọrọnsẹn. Wọn kì í lu ìlù lásìkò náà, agogo ni wọ́n ń lù, Ọlọ́wọ̀ pàápàá á di irun bí obìnrin, á sì jó jáde. Ẹni tó ń jó ń gbé ẹsẹ̀, ó ń tẹ́tí sí agogo, ó sì ń rántí orin. Ara àti ọpọlọ ń ṣiṣẹ́ pọ̀ ni.

Kí ni àwọn onímọ̀ ti rí? Ní 1992, àwọn dókítà Yunifásítì Ìbàdàn, tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Ọ̀ṣúntókun jẹ́ ọ̀kan pàtàkì nínú wọn, bẹ̀rẹ̀ ìwádìí lórí àwọn àgbà tó ti tó ẹni ọdún 65 sókè ní Ìdíkàn, ní Ìbàdàn. Àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ń ṣe irú rẹ̀ láàárín àwọn ènìyàn dúdú ní Indianapolis ní Amẹ́ríkà. Nígbà tí wọ́n gbé èsì jáde ní 2001, wọ́n rí i pé nínú 1,000 àgbà, nǹkan bí 13 tàbí 14 ni àrùn iyè ríra ń mú lọ́dún kan ní Ìbàdàn, ṣùgbọ́n ó tó 32 ní Indianapolis. Ìwádìí náà kò fi hàn pé ìrìn ẹsẹ̀ nìkan ló fa ìyàtọ̀ yìí. Ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀ ríru, àtọ̀gbẹ àti ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀ kò pọ̀ ní Ìbàdàn tó ti Amẹ́ríkà, ìrìn àti iṣẹ́ ara sì wà lára ohun tó ń dín àwọn nǹkan wọ̀nyí kù. Àmọ́ oúnjẹ wa àti ìjókòó wa lónìí ti ń sún mọ́ ti Amẹ́ríkà. Kí a má fi ti àtijọ́ yangàn.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé bí ẹsẹ̀ ṣe kan ọpọlọ. Bí a bá wọn ara àgbàlagbà, ọpọlọ kò ju nǹkan bí 2 lọ nínú 100. Síbẹ̀, nínú afẹ́fẹ́ tí ara ń lò, tirẹ̀ tó 20 nínú 100. Ẹ̀jẹ̀ ló ń gbé afẹ́fẹ́ náà lọ bá a. Bí ẹsẹ̀ bá ń rìn, ọkàn á máa tú ẹ̀jẹ̀ dáadáa, iṣan ẹ̀jẹ̀ kò ní tètè le, ìfúnpá á sì rọlẹ̀. Bí iṣan bá dí tàbí tó bẹ́ nínú orí, rọpárọsẹ̀ nìyẹn, ọ̀pọ̀ ẹni tó bá yè é ni ìrántí wọn kì í pé mọ́. Ìwádìí ńlá kan tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Mayọ̀wá Owólabí ti Ìbàdàn ṣáájú rẹ̀, tó kó ju 2,000 aláàrùn rọpárọsẹ̀ jọ ní Nàìjíríà àti Gánà, jáde ní 2018. Ohun 11 ni wọ́n tọ́ka sí: ẹ̀jẹ̀ ríru ni olórí wọn, àìlo ara sì wà nínú wọn.

Ní 2011, àwọn onímọ̀ ní Amẹ́ríkà kó àgbà 120 jọ. Apá kan ń rìn fún 40 ìṣẹ́jú lẹ́ẹ̀mẹ́ta lọ́sẹ̀ fún ọdún kan. Apá kejì ń na ara lásán. Ibi tí ọpọlọ ti ń tọ́jú ìrántí fi nǹkan bí 2 nínú 100 tóbi sí i lára àwọn tó rìn, ó sì sún kì lára àwọn yòókù. Ṣùgbọ́n n kò ní tàn yín: ìwádìí mìíràn tó jáde ní 2015, tó kó ju 1,600 àgbà jọ fún ọdún méjì, kò rí ìyàtọ̀ nínú ìrántí. Nítorí náà, ìrìn kì í ṣe oògùn tó ń wo iyè ríra. Àìlo ara jẹ́ ọ̀kan nínú ohun 14 tí ìgbìmọ̀ onímọ̀ àgbáyé kan kà sílẹ̀ ní 2024, tí wọ́n ní bí a bá mú gbogbo wọn kúrò, ó lè dín àrùn náà kù tó 45 nínú 100. Ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tó bá gbọ́n.

Báwo ni ká ṣe é nílé?

Èkínní, ẹ kọ́kọ́ mú bàbá tàbí màmá lọ wọn ìfúnpá, pàápàá bí ó bá ní àrùn ọkàn tàbí àtọ̀gbẹ. Kí ẹni tó ń lo oògùn má ṣe tìtorí ìrìn dá a dúró.

Èkejì, díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ fi ń wọgbà. Ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìṣẹ́jú 10 ní òwúrọ̀ kí oòrùn tó mú, kí ó wá máa pọ̀ sí i títí yóò fi tó ìṣẹ́jú 30 lọ́jọ́ márùn-ún láàárín ọ̀sẹ̀. Kí ó yá díẹ̀, kó lè máa sọ̀rọ̀, kó má lè kọrin.

Ẹ̀kẹta, kí wọ́n máa ti orí àga dìde, kí wọ́n tún jókòó, lẹ́ẹ̀mẹ́wàá. Kí wọ́n di ògiri mú, kí wọ́n fi ẹsẹ̀ kan dúró díẹ̀. Èyí kì í jẹ́ kí wọ́n tètè ṣubú. Ijó náà dára.

Ẹ̀kẹrin, ẹ fi iṣẹ́ sílẹ̀ fún wọn: ìgbálẹ̀, ẹ̀fọ́ ẹ̀yìnkùlé, ìbẹ̀wò sí ọ̀rẹ́. Ẹ bá wọn rìn, ẹ jẹ́ kí wọ́n máa sọ ìtàn bí ẹ ti ń lọ. Ẹ yẹra fún ojú títì tí mọ́tò ti ń sáré, kí bàtà wọn má sì máa yọ̀.

Bí àyà bá dùn wọ́n, tàbí òòyì kọ́ wọn, kí wọ́n dúró. Bí ẹnu bá ṣàdédé wọ́, tí ọwọ́ kan rọ, tí ọ̀rọ̀ sì ń lọ́, ẹ má ṣe dúró de àdúrà tàbí àgbo. Ẹ gbé wọn lọ sílé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀. Ilé ìwòsàn ńlá ti ìjọba àpapọ̀ wà ní Ọ̀wọ̀. Bí orí wọn bá dàrú lójijì, ó lè jẹ́ ibà tàbí àrùn mìíràn tó ṣeé wò. Bí ìgbàgbé bá sì ń pọ̀, ẹ mú wọn lọ bá dókítà. Ẹ má ṣe pe ìyá arúgbó ní àjẹ́ nítorí pé iyè rẹ̀ ra. Aláìsàn ni.

Lálẹ́ òní, bí bàbá bá dìde láti lọ gbé omi mu fúnra rẹ̀, ẹ má ṣe sáré gba ife lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ jẹ́ kó lọ. Ó dọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ o.