Àyẹ̀wò Ọ̀rọ̀ Iṣẹ́ Ara Wíwọ́ nínú Èdè Ṣáínà àti Èdè Jàpáànù

Iṣẹ́ yìí yẹ àwọn ọ̀rọ̀ tí àwọn ará Ṣáínà àti àwọn ará Jàpáànù ń lò fún ara wíwọ́ wò. Ohun tí ó jẹ ẹ́ lógún ni bí iyì ọ̀rọ̀ àyálò ṣe lè dín kù ní èdè tí ó yá a, àti bí èyí ṣe kan àwọn tí ń fi iṣẹ́ náà jẹun.

Ọ̀rọ̀ méjì ni ó gbajúmọ̀ jù lọ ní Ṣáínà: ànmó àti tuīná. Àmì orí wọn kì í ṣe ti Yorùbá o. Lóòótọ́, èdè olóhùn ni èdè Ṣáínà, ṣùgbọ́n àmì tí ó jọ ti ohùn ìsàlẹ̀ dúró fún ohùn tí ó ń já wálẹ̀ láti òkè, èyí tí ó jọ ti ohùn òkè sì dúró fún ohùn tí ó ń gòkè. Akẹ́kọ̀ọ́ Yorùbá lè tètè ṣì í kà. Ọ̀rọ̀-ìṣe méjì méjì ni wọ́n so pọ̀ láti ṣẹ̀dá ọ̀kọ̀ọ̀kan: àn ni ‘tẹ̀’, mó ni ‘fi ọwọ́ ra’, tuī ni ‘tì’, ná sì ni ‘gbá mú’. Ànmó ni ó lọ́jọ́ lórí jù. Ní ayé ìjọba Tang (618–907), wọ́n ti ń kọ́ ọ ní ilé ìṣègùn ọba. Ìgbà ìjọba Ming (1368–1644) ni tuīná jẹ yọ, pàápàá nínú ìwé nípa ìtọ́jú ọmọdé. Lónìí, tuīná ni ilé ìwòsàn ìbílẹ̀ Ṣáínà fẹ́ràn jù, nítorí pé ànmó ti di ọ̀rọ̀ tí ẹnikẹ́ni lè kọ sára pátákó, títí kan àwọn ilé tí iṣẹ́ wọn kò mọ́.

Ọ̀rọ̀ tí aláìsàn fi ń sọ ohun tí ó ń ṣe é náà yẹ fún àkíyèsí. Suān ni ará Ṣáínà ń pe ara ríro lẹ́yìn iṣẹ́ agbára. Suān kan náà ni ó ń pe ohun tí ó kan lẹ́nu. Ẹni tí ó bá túmọ̀ rẹ̀ sí “èjìká mi kan” kò tí ì túmọ̀ nǹkan kan. “Èjìká ń ro mí” ni Yorùbá. Ojú ibi tí wọ́n ń tẹ̀ lára ń jẹ́ xué, ‘ihò’, ní Ṣáínà. Tsubo, ‘ìkòkò’, ni ti Jàpáànù.

Àwọn ará Jàpáànù yá ànmó pẹ̀lú àmì ìkọ̀wé rẹ̀ méjèèjì, wọ́n sì ń pè é ní anma. Ohùn rẹ̀ sọnù, nítorí pé èdè Jàpáànù kì í lo ohùn bí ti Ṣáínà. Ìtumọ̀ rẹ̀ sì fẹ̀: láti orúkọ iṣẹ́, ó di orúkọ ẹni tí ń ṣe é. Ní ìgbà Edo (1603–1868), afọ́jú ni ọ̀pọ̀ nínú wọn. Sugiyama Waichi, afọ́jú oníṣègùn abẹ́rẹ́ tí ó kú ní 1694, dá ilé ẹ̀kọ́ sílẹ̀ fún wọn. Lálẹ́, anma a máa fọn fèrè kiri àdúgbò kí ẹni tí ara ń ro lè pè é wọlé. Ṣùgbọ́n bí ọ̀rọ̀ náà ti ń lẹ̀ mọ́ afọ́jú àti tálákà, bẹ́ẹ̀ ni ó ń di ọ̀rọ̀ ìfojú-tẹ́ni-mọ́lẹ̀. Lónìí, àwọn oníròyìn a máa yẹra fún pípe ènìyàn ní anma.

Ọ̀rọ̀ méjì mìíràn ti dé bá a. Massāji wá láti inú èdè Faransé. Shiatsu, ‘ìka’ àti ‘ìtẹ̀’, ni Namikoshi Tokujirō (1905–2000) sọ di mímọ̀. Ó dá ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀ sílẹ̀ ní 1940. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni ó wà nínú orúkọ oyè tí òfin mọ̀: anma-massāji-shiatsu-shi. Láti 1964 ni òfin náà ti fún ìjọba ní agbára láti dín ilé ẹ̀kọ́ tuntun fún àwọn tí ó ríran kù, kí iṣẹ́ má baà bọ́ lọ́wọ́ afọ́jú. Ilé ẹ̀kọ́ kan pe ìjọba lẹ́jọ́ lórí rẹ̀, ṣùgbọ́n ní 2022 ilé-ẹjọ́ tí ó ga jù lọ ní Jàpáànù dá ìjọba láre.

Síbẹ̀, ọ̀rọ̀ ti fi ọ̀nà ẹ̀yìn wọlé. Ẹni tí kò ní ìwé àṣẹ kò lè kọ massāji sára pátákó rẹ̀, nítorí náà momihogushi ni ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀bù ń kọ: momu, ‘fi ọwọ́ pò ó bí ẹni po ìyẹ̀fun’, àti hogusu, ‘tú u’. Ọ̀rọ̀ Jàpáànù gidi ni, òfin kò sì dárúkọ rẹ̀.