Orin Láti Inú Mọ̀nàmọ́ná

Láti ìgbà ìwáṣẹ̀ ni ọmọ aráyé ti ń kọrin, tí wọ́n sì ti ń wá ohun èlò tí yóò máa gbe ohùn wọn lẹ́sẹ̀. Bí a bá ka gbogbo ohun èlò orin tí ó ti wà láti ọjọ́ pípẹ́, a ó rí i pé ọ̀nà díẹ̀ ni ohùn fi ń jáde láti inú wọn. A lu awọ, bí ìlù. A fẹ́ afẹ́fẹ́ sínú ihò, bí fèrè àti kàkàkí. A ta okùn tàbí a fi ọrun ha á, bí gòjé. A gbọn nǹkan tàbí a lu irin, bí ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ àti agogo. Ṣùgbọ́n ní ìparí ọ̀rúndún kọkàndínlógún, àwọn ènìyàn kan bẹ̀rẹ̀ sí bèèrè pé: ǹjẹ́ a kò lè rí orin láti inú agbára mọ̀nàmọ́ná fúnra rẹ̀? Ìtàn díẹ̀ nínú àwọn tí ó dáhùn ìbéèrè yìí ni a fẹ́ gbé yẹ̀wò, nítorí pé ìbéèrè kejì fara pamọ́ sínú rẹ̀, èyí tí ó kan iṣẹ́ àwa tí a ń kọ́ṣẹ́ olùkọ́ gidigidi: bí ẹ̀rọ bá lè mú ohùn orin jáde, ǹjẹ́ ènìyàn ha tún ní láti kọ́ orin bí?

Kí a tó wọ inú ìtàn, ẹ jẹ́ kí a rántí ohun tí ohùn jẹ́. Ohùn ni afẹ́fẹ́ tí ń gbọ̀n. Bí afẹ́fẹ́ bá gbọ̀n ní ìgbà 440 láàrin ìṣẹ́jú àáyá kan, a ó gbọ́ ohùn tí àwọn onídùùrù ń pè ní A, èyí tí àwọn ẹgbẹ́ olórin ńlá fi ń tún ohun èlò wọn ṣe kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀. Bí ó bá gbọ̀n ní ìgbà 880, ohùn kan náà ni, ṣùgbọ́n ó ti gòkè, bí dò ìsàlẹ̀ ti rí sí dò òkè. Ohun tí ó bá ń gbọ̀n ju nǹkan bí ìgbà 20,000 lọ, etí ènìyàn kì í gbọ́ ọ mọ́. Kí òǹkàwé wa fi èyí sọ́kàn, nítorí a ó padà lò ó.

Ẹni tí a ó kọ́kọ́ dárúkọ ni Thaddeus Cahill ti ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Ní ọdún 1897 ni ó gba ìwé àṣẹ ìjọba lórí ẹ̀rọ tí a wá mọ̀ sí Telharmonium. Ọgbọ́n inú rẹ̀ kò ṣòro láti yé ni. Bí a bá mú kí kẹ̀kẹ́ irin tí ó ní eyín máa yí níwájú òòfà tí a wé wáyà mọ́, mọ̀nàmọ́ná yóò máa gbọ̀n nínú wáyà náà bí eyín kọ̀ọ̀kan ti ń kọjá. Bí eyín 440 bá kọjá láàrin ìṣẹ́jú àáyá kan, ohùn A ni yóò dún nínú tẹlifóònù tí a bá so mọ́ wáyà náà. Cahill ṣe irú kẹ̀kẹ́ bẹ́ẹ̀ ní oríṣiríṣi ìwọ̀n, ó sì so wọ́n mọ́ ojú ìtẹ̀ bíi ti dùùrù.

Ṣùgbọ́n ní àkókò náà, kò tí ì sí ohun tí a lè fi sọ mọ̀nàmọ́ná kékeré di ńlá. Nítorí náà, bí Cahill bá fẹ́ kí ohùn rẹ̀ dé ọ̀nà jíjìn, ó di dandan kí àwọn kẹ̀kẹ́ rẹ̀ tóbi bíi ti ilé ìmúnáwá. Èyí tí ó kọ́ ní ìlú Holyoke, tí ó sì gbé lọ sí New York ní ọdún 1906, wọ̀n tó nǹkan bí 200 tọ́ọ̀nù. Láti inú ilé kan ní ìgboro New York ni wọ́n ti ń fi orin ránṣẹ́ nípa wáyà sí àwọn ilé oúnjẹ àti ilé ìtura, àwọn tí ń jẹun sì ń gbọ́ orin láìrí ẹni tí ń ta á. Ìyanu ńlá ni, ṣùgbọ́n kò tọ́jọ́. Orin náà a máa ya wọ inú wáyà àwọn tí ń sọ̀rọ̀ lórí tẹlifóònù, owó tí ń wọlé kò sì tó èyí tí ń jáde. Ní ọdún 1908 wọ́n dẹ́kun iṣẹ́ ní gbọ̀ngàn náà, nígbà tí ó sì di ọdún 1914 ilé iṣẹ́ rẹ̀ wọ gbèsè, ó sì túká. Lónìí kò sí àwo kan ṣoṣo tí a mọ̀ tí ó gba ohùn ẹ̀rọ ńlá yìí sílẹ̀.

Ohun tí Cahill ṣe aláìní wà nítòsí. Ní ọdún 1906 kan náà, Lee de Forest, ará Amẹ́ríkà, ṣe ìgò kékeré kan tí a ti fa afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ jáde, tí ó sì ní irin mẹ́ta nínú. Láìpẹ́ lẹ́yìn náà a rí i pé ìgò yìí lè sọ mọ̀nàmọ́ná kékeré di ńlá, ó sì lè mú kí mọ̀nàmọ́ná máa gbọ̀n fúnra rẹ̀ láìsí kẹ̀kẹ́ tí ń yí rárá. Òun ni ó bí asọ̀rọ̀mágbèsì. Láti ìgbà náà lọ, ohun tí ó ti ń gba odidi ilé lè wọ inú àpótí kan.

Ẹni tí ó kọ́kọ́ fi ìgò yìí ṣe ohun èlò orin tí òkìkí rẹ̀ kàn káàkiri ni Lev Termen, ọmọ Rọ́ṣíà, tí àwọn ará ìwọ̀-oòrùn ń pè ní Leon Theremin. A bí i ní ọdún 1896 ní ìlú St. Petersburg. Ó kọ́ ẹ̀kọ́ nípa agbára ìṣẹ̀dá, ó sì tún kọ́ bí a ti ń ta sẹ́lò, èyí tí í ṣe irú fayolín ńlá tí a ń gbé sí àárín orúnkún. Ní ọdún 1920, bí ó ti ń ṣe ẹ̀rọ kan tí yóò fi wọn àbùdá àwọn afẹ́fẹ́, ó kíyèsí i pé ohùn tí ẹ̀rọ náà ń mú jáde ń gòkè bí ọwọ́ òun ti ń súnmọ́ ọn, ó sì ń sọ̀kalẹ̀ bí ọwọ́ òun ti ń jìnnà sí i. Ẹlòmíràn ì bá ka èyí sí ìyọlẹ́nu. Termen, nítorí pé olórin ni, bẹ̀rẹ̀ sí fi ọwọ́ rẹ̀ wá ohùn orin nínú afẹ́fẹ́. Ní ọdún 1922 ó fi ẹ̀rọ náà han Lenin, olórí ìjọba ilẹ̀ rẹ̀. Ní ọdún 1927 ó gbé e yíká Yúróòpù, kí ọdún náà sì tó parí ó ti dé New York.

Báwo ni ẹ̀rọ tí a kò fọwọ́ kàn ṣe ń dún? Ẹ jẹ́ kí a fi ìṣirò ṣàlàyé rẹ̀. Ohun méjì ni ó ń gbọ̀n nínú àpótí náà, àwọn méjèèjì sì yára ju ohun tí etí lè gbọ́. Kí a wí pé ọ̀kan ń gbọ̀n ní ìgbà 170,000 láàrin ìṣẹ́jú àáyá kan, kì í sì í yí padà. Èkejì ni a so mọ́ ọ̀pá irin tí ó nàró lẹ́gbẹ̀ẹ́ àpótí. Ara ènìyàn jẹ́ ohun tí mọ̀nàmọ́ná ń mọ̀ lára. Nígbà tí ọwọ́ bá súnmọ́ ọ̀pá náà, ìgbọ̀n èkejì yìí a dín kù díẹ̀. Nígbà tí a bá pa méjèèjì pọ̀, ìyàtọ̀ tí ó wà láàrin wọn ni etí wa ń gbọ́. Bí èkejì bá jẹ́ 169,560, ìyàtọ̀ jẹ́ 440, ohùn A sì dún. Bí ọwọ́ bá tún súnmọ́ ọn tí ó fi di 169,120, ìyàtọ̀ di 880, ohùn náà sì gòkè lọ sí A kejì. Ọwọ́ ọ̀tún ni a fi ń ṣe èyí. Ọwọ́ òsì, lókè irin róbótó kan ní ìhà kejì àpótí, ni a fi ń mú ohùn rinlẹ̀ tàbí kí ó rọlẹ̀.

Ẹ kíyèsí ohun tí ìṣirò yìí ń sọ fún wa. Láti fi ohùn náà gòkè láti A sí èyí tí ó tẹ̀lé e lórí dùùrù, 26 péré ni ohun tí ó ní láti yí padà nínú 169,560. Bí ọwọ́ bá gbọ̀n pẹ́rẹ́, orin ti bàjẹ́. Kò sí ìtẹ̀ kankan tí ìka lè bà lé, kò sí okùn tí a lè fọwọ́ tẹ̀, kò sí àmì kan nínú afẹ́fẹ́ tí ń wí pé, "Ibí ni mi wà." Etí nìkan ni ó lè sọ fún ọwọ́ bí ó ti yẹ kí ó dúró.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe polówó rẹ̀. Ní ọdún 1929, ilé iṣẹ́ RCA ní Amẹ́ríkà ṣe nǹkan bí 500 nínú ẹ̀rọ yìí fún títà, wọ́n sì jẹ́ kí aráyé gbọ́ pé ẹnikẹ́ni tí ó bá lè kùn orin lẹ́nu lè ta á. Àwọn kan gbé e dé ilé, wọ́n na ọwọ́ sí i, igbe bí ti ológbò ni ó ké. Lóòótọ́, owó rẹ̀ pọ̀, ọdún náà gan-an sì ni ìdágìrì owó bẹ̀rẹ̀ ní Amẹ́ríkà. Ṣùgbọ́n ó tún ní ìdí kan tí kì í ṣe ti owó: a ṣe ìlérí orin fún àwọn ènìyàn láìsí ẹ̀kọ́, ẹ̀rọ náà kò sì lè mú ìlérí náà ṣẹ.

Ẹni tí ó dá ẹ̀rọ náà láre ni ọmọbìnrin kan tí ó ti kọ́ ẹ̀kọ́ tẹ́lẹ̀. A bí Clara Reisenberg, tí a wá mọ̀ sí Clara Rockmore, ní ìlú Vilnius ní ọdún 1911. Kò tí ì pé ọmọ ọdún mẹ́fà tí ó fi wọ ilé-ẹ̀kọ́ gíga orin ní St. Petersburg láti kọ́ fayolín. Ní ọdún 1921 òun àti àwọn ẹbí rẹ̀ dé Amẹ́ríkà. Nígbà tí ó ṣe, àìsàn mú apá rẹ̀, kò sì lè ta fayolín mọ́. Ohun tí ó ti fi gbogbo ìgbà èwe rẹ̀ kọ́ ì bá ṣègbé, bí kò bá ṣe pé ó pàdé Termen àti ẹ̀rọ rẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ kò lè mú fayolín mọ́, ṣùgbọ́n etí tí ó ti fi kọ́ ọ wà síbẹ̀.

Rockmore kò na ọwọ́ káàkiri bí àwọn yòókù. Ó dúró bí òpó, ó sì ṣe ètò fún ìka rẹ̀ nínú afẹ́fẹ́: bí apá bá ti dúró sí ibì kan, ìka yóò ṣí ní ìpele-ìpele, ìpele kọ̀ọ̀kan sì ní ohùn tirẹ̀, gan-an bí ẹni pé ojú ìtẹ̀ wà níbẹ̀. Ó tún padà tọ olùhùmọ̀ náà lọ, ó sì sọ ohun tí ẹ̀rọ ṣe aláìní fún un. Termen gbọ́ tirẹ̀. Ó ṣe òmíràn fún un, tí ohùn rẹ̀ gbòòrò ju ti ìṣáájú lọ, tí ó sì lè dákẹ́ kíákíá láàrin ohùn kan àti èkejì. Àwọn àgbà wa wí pé ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ akèrègbè. Ní ọdún 1934 ó ta ẹ̀rọ náà níwájú àwùjọ ní Town Hall ní New York. Lẹ́yìn náà ó bá Paul Robeson, akọrin aláwọ̀ dúdú olókìkí nì, rin ìrìn-àjò orin. Àwo orin rẹ̀ tí ó jáde ní ọdún 1977, níbi tí Nadia ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti ń ta dùùrù tẹ̀lé e, ṣì wà fún ẹni tí ó bá fẹ́ gbọ́.

Àwọn olùhùmọ̀ mìíràn wá ọ̀nà láti mú ìnira yìí fúyẹ́. Maurice Martenot ti ilẹ̀ Faransé, tí òun náà ń ta sẹ́lò, fi ẹ̀rọ tirẹ̀ han ní Paris ní ọdún 1928. Òǹtẹ̀ yóò fi òrùka tí a so mọ́ okùn sí ìka, yóò sì máa fà á lọ fà á bọ̀. Nígbà tí ó yá, a fi ojú ìtẹ̀ dùùrù sí abẹ́ okùn náà kí ojú lè ran etí lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n Martenot kò wí pé kí a má kọ́ ọ. Olùkọ́ ni òun pàápàá, a sì dá kíláàsì ẹ̀rọ yìí sílẹ̀ ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga orin ní Paris ní ọdún 1947. Ní Amẹ́ríkà, Laurens Hammond, tí í ṣe alágbàṣe agogo, padà sí ọgbọ́n kẹ̀kẹ́ eléyín ti Cahill. Nígbà tí ìgò de Forest ti wà láti gbé ohùn sókè, kẹ̀kẹ́ kéékèèké ti tó. Ní ọdún 1935 dùùrù rẹ̀ bọ́ sí ọjà, ọ̀pọ̀lọpọ̀ ìjọ tí kò lágbára láti ra dùùrù onífèrè ńlá sì rà á.

Ní ti Termen, ó padà sí ilẹ̀ rẹ̀ ní ọdún 1938. Ní ọdún tí ó tẹ̀lé e wọ́n mú un, wọ́n sì rán an lọ sí ibi iṣẹ́ ẹlẹ́wọ̀n ní Kolyma. Lẹ́yìn náà wọ́n fi ìmọ̀ rẹ̀ ṣiṣẹ́ fún ìjọba nínú àhámọ́ títí di ọdún 1947. Ní ọdún 1991, lẹ́yìn ọdún mẹ́tàléláàádọ́ta, ó tún fojú kan New York, ó sì rí Rockmore. Ó kú ní ọdún 1993, ẹni ọdún mẹ́tàdínlọ́gọ́rùn-ún. Iṣẹ́ rẹ̀ kò kú pẹ̀lú rẹ̀: Robert Moog, tí ẹ̀rọ orin rẹ̀ ti ọdún 1964 là ọ̀nà fún púpọ̀ nínú orin òde òní, ti ń fọwọ́ ara rẹ̀ kan irú ẹ̀rọ Termen láti ìgbà ọ̀dọ́ rẹ̀.

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ wa, kí ni a rí kọ́? A rí i pé ẹ̀rọ kò gba iṣẹ́ lọ́wọ́ etí. Ó tún fi kún un ni. Bí ìtẹ̀ àti okùn ti ń dín kù, bẹ́ẹ̀ ni ohun tí olórin ní láti mọ̀ nínú ara rẹ̀ ń pọ̀ sí i. Nítorí náà, nígbà tí a bá dé iwájú àwọn ọmọ kíláàsì wa, kí a má ṣe kánjú fi ojú ìtẹ̀ hàn wọ́n kí wọ́n tó lè fi ẹnu ara wọn mú dò, rè, mì dúró ṣinṣin. Ilé-ẹ̀kọ́ tí kò ní dùùrù kò tí ì di aláìní, níwọ̀n ìgbà tí olùkọ́ bá wà níbẹ̀ tí ó lè kọ́ etí. Ọmọ tí a bá sì kọ́ ní etí, ohun èlò yòówù tí ayé ìbáà gbé fún un lọ́la, kódà bí ó ṣe èyí tí a kì í fọwọ́ kàn, yóò mọ ibi tí ohùn wà nínú rẹ̀.