Olùrànlọ́wọ́ àti Ẹni tí A ń Ràn Lọ́wọ́

Àwọn àgbà a máa wí pé ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, bẹ́ẹ̀ ni ti àgbàlagbà kò wọ akèrègbè. Kò sí ẹni tí kò nílò ìrànlọ́wọ́ láyé. Ṣùgbọ́n ta ni ó yẹ kí ó máa darí rẹ̀: ẹni tí ó ń ṣe é ni, tàbí ẹni tí a ń ṣe é fún?

Nígbà kan, mo ní ọmọ kíláàsì kan tí ilé wọn wà ní Ajégúnlẹ̀. Ọlọ́gbọ́n ọmọ ni, ṣùgbọ́n ojoojúmọ́ ni ó máa ń pẹ́ dé. Mo fìyà jẹ ẹ́ títí, kò wí nǹkan kan. Ìgbà tí mo dé ilé wọn ni mo tó mọ ìdí rẹ̀. Àrùn rọpárọsẹ̀ ti mú bàbá rẹ̀ lẹ́sẹ̀ láti kékeré. Télọ̀ ni bàbá náà, ìsọ̀ rẹ̀ sì wà ní Àpápá. Ọmọ yìí ni í pọn omi ìwẹ̀ fún un, òun ni í gbé e sórí kẹ̀kẹ́ arọ, òun náà ni í sì tì í kọjá láàárín àwọn tírélà.

Ojú tì mí. Mo ní, "Bàbá, ṣé kò sí aládùúgbò tí ó lè ràn yín lọ́wọ́ ni?"

Ó dáhùn pé, "Tíṣà, wọ́n ń ṣàánú mi. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ń ṣàánú ẹni, a kò lè sọ fún un pé agogo mẹ́fà ni kí ó dé. Bí ó bá dé ní agogo mẹ́sàn-án, ọpẹ́ náà ni a óò dá. Ẹni tí a ń sanwó fún ni a lè bá ṣe àdéhùn, n kò sì ní owó náà."

Irú ọ̀rọ̀ yìí ni àwọn àkàndá ẹ̀dá ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sọ títí ìjọba ibẹ̀ fi ṣe òfin kan ní ọdún 1996. Tẹ́lẹ̀ rí, ìjọba ìbílẹ̀ ni ó sábà ń yan olùrànlọ́wọ́ àti àkókò tí yóò wá. Láti ọdún 1997, ó lè fi owó náà lé àkàndá ẹ̀dá fúnra rẹ̀ lọ́wọ́, kí ó yan ẹni tí ó wù ú, kí wọ́n sì jọ ṣe àdéhùn. Ṣùgbọ́n ipò ọ̀gá ní ẹrù tirẹ̀. Ó gbọ́dọ̀ san owó iṣẹ́ lásìkò, kí ó fún òṣìṣẹ́ ní ìsinmi tí ó tọ́ sí i, kí ó sì ṣe ìṣirò owó náà fún ìjọba, nítorí owó ará ìlú ni.

Ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó ṣe òfin fún àǹfààní àwọn àkàndá ẹ̀dá ní ọdún 2011, ó sì dá ọ́fíìsì kan sílẹ̀ tí ó ń rí sí ọ̀rọ̀ wọn. Síbẹ̀, ní ọ̀pọ̀ ilé, èjìká ọmọ àti ìyàwó ni ẹrù ìtọ́jú ojoojúmọ́ ṣì wà. Ọmọ tí mo sọ̀rọ̀ rẹ̀ kò ráhùn rí, ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ òwúrọ̀ tí ó pàdánù kò padà wá mọ́.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, àánú dára, ṣùgbọ́n àdéhùn ni ó ń pa iyì ẹni méjèèjì mọ́. Ẹni tí a ń ràn lọ́wọ́ kì í ṣe ẹrú. Ẹni tí ó ń ṣèrànlọ́wọ́ kò sì gbọdọ̀ di ẹrú.

Ìbéèrè
1. Kí ni ìyàtọ̀ tí bàbá náà rí láàárín àánú àti àdéhùn?
2. Dárúkọ ojúṣe mẹ́ta tí ó wà lọ́rùn ẹni tí ó gba owó ìjọba láti fi gba olùrànlọ́wọ́.